Ipá, Ipá-yíyí àti Agbára: Ẹ̀kọ́ Èdè-Ìperí láti Ara Ọkọ̀ Suzuki Kékeré tí a Gbé Táyà Ńlá Wọ̀

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹ ilẹ̀. Òwe yìí kò mọ sí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ nìkan. Ó kan ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, nítorí pé orúkọ tí a bá fún nǹkan ni ó ń sọ bí a ó ti ṣe lò ó. Bí orúkọ kan ṣoṣo bá ń ṣiṣẹ́ fún ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tí ó gbọ́ orúkọ náà yóò mú èyí tí ó bá wá sí i lọ́kàn, yóò sì fi orí tẹ ilẹ̀ láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú irú ewu bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn mẹ́káníìkì àti àwọn oníbàárà wọn ni "agbára", tí àwọn mìíràn ń pè ní "pọ́wà". Bí ọkọ̀ kò bá lè gun òkè mọ́, wọn a ní agbára rẹ̀ ti dín kù. Bí ọkọ̀ bá ń sáré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, wọn a ní agbára rẹ̀ ti pọ̀ sí i. Bí nọ́ọ̀tì bá kọ̀ tí kò tú, wọn a ní kí ọmọ iṣẹ́ fi agbára sí i. Ohun mẹ́ta ni wọ́n dárúkọ níbẹ̀, ẹnu kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi pè wọ́n.

Kì í ṣe pé èdè Yorùbá kò lè gbé irú ìmọ̀ yìí. Láti 1970 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà, nínú èyí tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ni ó ti hàn gbangba pé èdè náà tó ohun tí a ń fi í ṣe. Ohun tí ó kù ni pé kí a pín ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ sí ipò rẹ̀. Ọ̀nà kan tí a lè gbà ṣe é ni pé kí a mú iṣẹ́ ọwọ́ kan tí àwọn ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yà sọ́tọ̀ kedere, kí a sì ṣe ìṣirò rẹ̀ dé òpin. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni gbígbé táyà ńlá àti ẹ́ńjìnì mìíràn wọ ọkọ̀ Suzuki kékeré.

2. Ọkọ̀ náà àti ìdí tí a fi ń tún un ṣe

Ní 1970 ni ilé-iṣẹ́ Suzuki ní orílẹ̀-èdè Jàpáànù kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ kékeré kan jáde tí ó sọ ní Jimny. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnì lè yí, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì náà kò tóbi ju ti alùpùpù lọ: lítà 0.36 péré ni. Ní 1984 a fi ẹ́ńjìnì onílítà 1.3 sínú ìran kejì ọkọ̀ yìí, nígbà tí ó sì di òpin 1985 a bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú orúkọ Samurai. Ó wà lọ́jà níbẹ̀ títí di 1995. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kílógíráàmù 950, agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní agbára-ẹṣin 60.

Àwọn tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ yìí jù ní Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà ni àwọn tí ń wa ọkọ̀ gba inú ẹrẹ̀, orí àpáta àti ojú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Ohun tí ó sì máa ń dá wọn dúró níbẹ̀ ni pé abẹ́ ọkọ̀ kò ga tó. Àwọn kan a gbé sípíríìngì tí ó ga sí i, ṣùgbọ́n sípíríìngì kò lè gbé gbogbo ọkọ̀ sókè; ara ọkọ̀ nìkan ni ó ń gbé. Ọ̀pá tí ó so táyà ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì, àti ikùn irin tí gíà ìdí ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, kò kúrò ní ipò wọn. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè gbé ọ̀pá náà jìnnà sí ilẹ̀ ni táyà tí ó ga jù. Nítorí náà ni a ṣe ń wá táyà aju-ìwọ̀n, èyíinì ni táyà tí ìdábùú rẹ̀ ju èyí tí ilé-iṣẹ́ ṣe ọkọ̀ náà fún lọ.

3. Ìṣirò táyà

Bí òǹkàwé bá wo ẹ̀gbẹ́ táyà tí Samurai gbé dé Amẹ́ríkà, yóò rí 205/70R15. Nọ́ńbà ìkíní ni ìbú táyà ní mìlímítà. Ìkejì ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ ìdá 70 nínú 100 ìbú náà. Lẹ́tà R ń tọ́ka sí bí a ti to okùn inú táyà, nọ́ńbà ìkẹyìn sì ni ìdábùú rímù ní íǹṣì. Íǹṣì 15 jẹ́ mìlímítà 381. Bí a bá fi ẹ̀gbẹ́ òkè àti ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ kún un, ìdábùú gbogbo táyà náà jẹ́ mìlímítà 668.

Táyà tí ọ̀pọ̀ ń gbé rọ́pò rẹ̀ ni 31x10.50R15. Ọ̀nà tí a gbà kọ èyí yàtọ̀: 31 ni ìdábùú gbogbo táyà ní íǹṣì, èyí tí ó jẹ́ mìlímítà 787. Ìlàjì ìdábùú rẹ̀ fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 6 ju ti àkọ́kọ́ lọ, sẹ̀ǹtímítà 6 yìí gan-an sì ni ọ̀pá ìdí ọkọ̀ fi kúrò nílẹ̀.

Èrè náà dára, ṣùgbọ́n ó ní owó tí a ń san fún un. Àyíká òbírí táyà ti ilé-iṣẹ́ jẹ́ mítà 2.10, ti táyà ńlá jẹ́ mítà 2.47. Bí táyà bá yí ní ẹ̀ẹ̀kan, ọkọ̀ yóò rìn ju bí ó ti ń rìn tẹ́lẹ̀ lọ ní ìdá 18 nínú 100. Aago tí ń ka eré ọkọ̀ kò mọ̀ pé a ti pààrọ̀ táyà. Iye ìgbà tí irin inú gíà ń yí ni ó ń kà. Nítorí náà nígbà tí ó bá ń sọ fún awakọ̀ pé kìlómítà 100 ni ó ń sá ní wákàtí kan, 118 ni ọkọ̀ ń sá.

Owó kejì ni ó wúwo jù. Lẹ́yìn tí a gbé táyà ńlá wọ ọkọ̀, awakọ̀ yóò rí i pé ọkọ̀ kò fà mọ́. Yóò padà tọ mẹ́káníìkì lọ, yóò sì sọ pé: "Agbára ọkọ̀ yìí ti dín kù." Mẹ́káníìkì yóò dáhùn pé kí ó lọ wá ẹ́ńjìnì tí ó lágbára ju èyí lọ. Gbólóhùn méjèèjì ṣe déédé pẹ̀lú ara wọn nínú èdè, wọn kò sì ṣe déédé pẹ̀lú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ náà. Agbára ẹ́ńjìnì kò dín ní ẹyọ kan, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án.

4. Ohun mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta

Kí ni ó wá dín kù? Ìdáhùn wà ní ọwọ́ fọkanáísà tí ó jókòó sí ẹ̀bá títì. Bí nọ́ọ̀tì táyà bá le, fọkanáísà kì í lọ wá ẹni tí ó sanra jù ú lọ. Páìpù gígùn ni ó máa ń ki bọ ọwọ́ sípánà. Ipá apá rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì tú. Ohun tí ó pọ̀ sí i kì í ṣe ipá, kì í sì í ṣe agbára. Ipá tí a fi gígùn sípánà sọ di púpọ̀ ni. Èyí ni ó yẹ kí a máa pè ní ipá-yíyí.

Ní ìdí táyà, òdìkejì ọ̀rọ̀ fọkanáísà ni ó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pá tí ẹ́ńjìnì ń yí wà ní àárín táyà, ilẹ̀ sì wà ní eteetí rẹ̀. Ìlàjì ìdábùú táyà ni sípánà tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ní ìhà nọ́ọ̀tì ni ẹ́ńjìnì dúró, kì í ṣe ní ìhà ọwọ́. Bí sípánà yìí bá ṣe gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ipá tí ó ń dé eteetí rẹ̀ ń kéré sí i. Ipá-yíyí ẹ́ńjìnì wà bí ó ti wà; ipá tí táyà fi ń ti ilẹ̀ ni ó dín kù, ó sì fi ìdá 15 nínú 100 dín kù.

Agbára wá jẹ́ ohun kẹta. Kí a mú ènìyàn méjì tí ń fa omi nínú kànga kan náà pẹ̀lú korobá kan náà. Ipá tí wọ́n ń lò láti fa korobá kan kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá fa korobá mẹ́wàá ní wákàtí kan, tí èkejì sì fa ogún, agbára èkejì jẹ́ ìlọ́po méjì ti ẹnìkíní. Agbára ni bí iṣẹ́ ti ń yá tó. Nínú ẹ́ńjìnì, ipá-yíyí tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ìyára yíyí ni agbára. Ìdí nìyẹn tí James Watt fi lè fi agbára ẹṣin wé ti ẹ́ńjìnì rẹ̀ ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún: kì í ṣe bí ẹṣin ti lè fà tó nìkan ni ó kà, bí kò ṣe bí ó ti lè fà tó láàárín àkókò kan pàtó.

5. Gíà ni tàbí ẹ́ńjìnì?

Ìyàtọ̀ yìí ni ó ń fi ọ̀nà ìwòsàn hàn. Gíà kì í bí agbára; ìyára ni ó ń gbà lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì tí ó sì ń fi ipá-yíyí dá a padà. Bí gíà kékeré tí ó ní eyín 10 bá ń yí gíà ńlá tí ó ní eyín 40, ìyára yóò dín sí ìdá mẹ́rin, ipá-yíyí yóò sì di ìlọ́po mẹ́rin. Mẹ́rin yìí ni ìpín eyín gíà.

Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe gíà tí ìpín eyín rẹ̀ ga ní gíà ìsàlẹ̀, wọ́n sì ń pe èyí tí ìpín eyín rẹ̀ kéré ní gíà òkè. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni èyí ń dà láàmú. Kò sí ìdí tí Yorùbá yóò fi gbé ìṣòro ẹlòmíràn rù. Ohun tí gíà ń ṣe ni ó yẹ kí a fi pè é: gíà àfifà fún èyí tí a fi ń fa ẹrù tí a sì fi ń gun òkè, gíà àfisáré fún èyí tí a fi ń sáré lójú títì.

Ibi mẹ́ta ni Samurai ti ń sọ ipá-yíyí di púpọ̀. Nínú gíábọ́ọ̀sì, ìpín eyín gíà ìkíní jẹ́ 3.65. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àpótí kan wà tí ó dá dúró, tí ọ̀pá kúkúrú so pọ̀ mọ́ gíábọ́ọ̀sì, tí ó ń pín ipá-yíyí fún táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. A lè pè é ní gíábọ́ọ̀sì apínpá. Gíà àfifà inú rẹ̀ jẹ́ 2.27. Ìkẹta ni gíà ìdí ọkọ̀, tí ó jẹ́ 3.73. Bí a bá sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀, yóò fún wa ní nǹkan bí 31. Ipá-yíyí tí ẹ́ńjìnì onílítà 1.3 lè mú wá jẹ́ nǹkan bí níútọ̀nù-mítà 100. Bí a kò bá ka ohun tí fífi irin kan irin ń jẹ, ipá tí ó ń dé ilẹ̀ pẹ̀lú táyà ti ilé-iṣẹ́ jẹ́ nǹkan bí níútọ̀nù 9,200. Bí a bá gbé táyà ńlá wọ̀ ọ́, yóò di 7,800.

Ẹ jẹ́ kí a wá tẹ̀lé ìmọ̀ràn mẹ́káníìkì. Ẹ́ńjìnì tí a sábà ń gbé wọ ọkọ̀ yìí ni ti Suzuki Sidekick, onílítà 1.6, oní-fáfù 16, tí agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí agbára-ẹṣin 95, tí ipá-yíyí rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí níútọ̀nù-mítà 133. Pẹ̀lú rẹ̀, ipá tí ó ń dé ilẹ̀ yóò gòkè láti 7,800 sí 10,400. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹ́ńjìnì àtijọ́ sílẹ̀ tí a sì pààrọ̀ gíà àfifà inú apínpá nìkan, láti 2.27 sí 4.16 tí a ń tà fún irú iṣẹ́ yìí, ipá náà yóò di 14,400. Iṣẹ́ gíà kò sì gba kí a kan wáyà kan ṣoṣo, kí a gé irin kan ṣoṣo tàbí kí a pààrọ̀ rédíétọ̀.

Bí a bá ṣe méjèèjì pọ̀, ìṣirò yóò fún wa ní 19,100. Nọ́ńbà yìí dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìwúwo ọkọ̀ náà kò ju nǹkan bí níútọ̀nù 9,300 lọ nígbà tí kò sí ẹrù nínú rẹ̀, táyà kò sì lè ti ilẹ̀ ju bí ó ti lè dì í mú lọ. Èyí tí ó ṣẹ́kù yóò yí táyà lórí asán, tàbí kí ó ṣẹ́ irin tí ó bá jẹ́ ọ̀lẹ jùlọ láàárín ẹ́ńjìnì àti táyà. Àǹfààní gíà àfifà kì í wá ṣe pé kí a lo gbogbo 14,400 yẹn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnì lè máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́, níbi tí ipá-yíyí rẹ̀ kò tíì pé, kí ọkọ̀ sì máa rọra gun àpáta láìjẹ́ pé awakọ̀ ń jó kílọ́ọ̀ṣì.

Ìgbà wo wá ni ẹ́ńjìnì ńlá wúlò? Ó wúlò lójú títì. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ ti nílò ipá àti ìyára lẹ́ẹ̀kan náà, èyíinì ni agbára ní ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an, gíà kò sì lè dá agbára. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò lè gun àpáta, gíà ni kí ó rà. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò lè bá àwọn ọkọ̀ ìyókù rìn lójú títì, ẹ́ńjìnì ni kí ó wá. Bí àwọn méjèèjì bá sọ pé "agbára" ni àwọn ń wá, ọ̀kan nínú wọn yóò ná owó rẹ̀ dànù.

6. Ẹ́ńjìnì àtọ̀húnrìnwá

Ó yẹ kí a ya irú pípààrọ̀ ẹ́ńjìnì méjì sọ́tọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá bàjẹ́ tí a sì gbé irú rẹ̀ kan náà sí i, bí a ti ń ṣe pẹ̀lú ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ tí a rà ní Ládípọ̀ ní ìlú Èkó, ìpààrọ̀ lásán ni: ihò bọ́ọ̀tù bá ara mu, wáyà bá ara mu. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnì bá ti ara ọkọ̀ mìíràn wá, àlejò ni, a sì gbọ́dọ̀ bá a wá ibùjókòó. Ẹ́ńjìnì àtọ̀húnrìnwá ni orúkọ tí ó bá a mu.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ń wò ni ojú ibi tí ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì ti pàdé. Bí ihò bọ́ọ̀tù wọn kò bá ṣe déédé, a ń gbẹ́ awo irin kan sáàárín wọn. Awo yìí gbọ́dọ̀ mú kí kíráńkì ẹ́ńjìnì àti ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì wà lójú ìlà kan; bí wọ́n bá yà díẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì àti bẹ́árìn yóò bàjẹ́ láìpẹ́. Lẹ́yìn náà ni a ó jó síìtì ẹ́ńjìnì tuntun mọ́ férémù, a ó rí i dájú pé abẹ́ ẹ́ńjìnì kò ní lu ọ̀pá táyà iwájú nígbà tí ọkọ̀ bá ń já sí kòtò, a ó sì wá rédíétọ̀ tí ó tó o. Iṣẹ́ rewáyà ni ó sábà ń pẹ́ jù. Àwọn Samurai àkọ́kọ́ ń lo kábúrétọ̀, ẹ́ńjìnì oní-fáfù 16 sì ń lo bíréènì bọ́ọ̀sì àti pọ́ǹpù epo tí ń ti epo gidigidi. Gbogbo wọn ni a gbọ́dọ̀ gbé tẹ̀lé e.

Ìhà tí ẹ́ńjìnì ń yí sí pẹ̀lú ní ìtumọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan gbé ẹ́ńjìnì Chevrolet Corvair wọ ọkọ̀ Volkswagen tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Ìjàpá. Ìhà tí ẹ́ńjìnì náà ń yí sí lòdì sí ti Ìjàpá. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ yí gíà ńlá inú ìdí ọkọ̀ sí òdìkejì yóò rí ọkọ̀ tí ó ní gíà mẹ́rin tí ń lọ sẹ́yìn àti ẹyọ kan tí ń lọ síwájú.

7. Ohun tí kò yí padà

Ewu tí ó tóbi jù nínú iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí a kò fọwọ́ kàn. Bíréèkì náà ń lo ipá-yíyí láti dá táyà dúró, sípánà gígùn tí ó ń jẹ ipá ẹ́ńjìnì sì ń jẹ ti bíréèkì pẹ̀lú. Ipá tí bíréèkì kan náà fi ń dá ọkọ̀ dúró fi ìdá 15 nínú 100 dín kù, táyà tí ó ń dá dúró sì wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí a bá wá gbé ẹ́ńjìnì tí agbára rẹ̀ pọ̀ sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, a ti fi kún eré rẹ̀, a sì ti dín ohun tí ń dá a dúró kù, nígbà tí aago rẹ̀ ń sọ fún awakọ̀ pé kò sáré tó bí ó ti ń sáré.

Gíga ọkọ̀ jẹ́ ewu kejì. Kí táyà ńlá má baà máa ha ara ọkọ̀, a sábà máa ń gbé sípíríìngì kúrò ní abẹ́ ọ̀pá táyà lọ sí orí rẹ̀, èyí tí ó ń fi nǹkan bí íǹṣì 5 gbé ara ọkọ̀ ga. Ibùdó ìwúwo ọkọ̀ yóò gòkè, ìbú ìdúró rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ní 1988, ìwé ìròyìn Consumer Reports ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé Samurai lè tètè dojú dé. Ilé-iṣẹ́ Suzuki takò ó, ó pè é lẹ́jọ́ ní 1996, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn ní 2004. Ẹni yòówù kí ó jàre, orí ọkọ̀ tí a kò tíì gbé ga ni wọ́n ń jà lé.

8. Ìkádìí

A kò lè béèrè ohun tí a kò ní orúkọ fún. Oníbàárà tí ó bá lè sọ pé "ipá tí ó ń dé ilẹ̀ ti dín kù" ti sọ ìdajì ìwòsàn kí mẹ́káníìkì tó ṣí bọ̀nẹ́ẹ̀tì. Ọmọ iṣẹ́ tí a bá fi páìpù àti sípánà kọ́ ní ipá-yíyí yóò bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè nípa bíréèkì ní ọjọ́ tí a bá gbé táyà ńlá dé. Ìbéèrè yẹn lè gba ẹ̀mí là. Èyí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún àyẹ̀wò:

Ipá: ohun tí ń ti nǹkan tàbí tí ń fà á; níútọ̀nù ni a fi ń wọ̀n ọ́n.
Ipá-yíyí: ipá tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú gígùn ohun tí ó ń yí, níútọ̀nù-mítà ni a fi ń wọ̀n ọ́n.
Agbára: bí iṣẹ́ ti ń yá tó, wáàtì tàbí agbára-ẹṣin ni a fi ń wọ̀n ọ́n.
Ìpín eyín gíà: iye ìgbà tí gíà kan ń yí kí èkejì tó yí lẹ́ẹ̀kan.
Gíà àfifà: gíà tí ń fi ìyára ra ipá-yíyí.
Gíà àfisáré: gíà tí ń fi ipá-yíyí ra ìyára.
Gíábọ́ọ̀sì apínpá: àpótí gíà tí ń pín ipá-yíyí fún táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn.
Táyà aju-ìwọ̀n: táyà tí ìdábùú rẹ̀ ju èyí tí a ṣe ọkọ̀ fún lọ.
Ẹ́ńjìnì àtọ̀húnrìnwá: ẹ́ńjìnì tí a mú láti ara irú ọkọ̀ mìíràn.
Ibùdó ìwúwo: ojú kan nínú ọkọ̀ tí a lè kà sí pé gbogbo ìwúwo rẹ̀ pé jọ sí.